"A kò rí i" yàtọ̀ sí "kò sí mọ́": àyẹ̀wò DNA tó ń wá ìyókù jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀

Bí dókítà bá sọ fún ẹbí kan ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́ pé aláìsàn wọn yóò ṣe àyẹ̀wò DNA, ọ̀rọ̀ ta ni bàbá ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Bàbá á dákẹ́, ìyá á fa ojú ro, àwọn àna á máa wo ara wọn. A ò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí irú èyí nìkan ni etí gbogbo wa mọ̀. Àyẹ̀wò tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí kò kan ọ̀rọ̀ ìdílé rárá. Ẹni tó ti ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní lùkímíà, ni wọ́n ń ṣe é fún, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì àìsàn ṣì kù lára rẹ̀, àti bí ó ṣe pọ̀ tó. Lẹ́tà mẹ́ta tí ẹ ó rí lórí ìwé ni MRD, ìyẹn ìyókù àìsàn tó ṣeé wọ̀n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ka èsì rẹ̀ sí ohun tí kò sọ. Ẹlòmíràn á rí i pé wọ́n kọ "Not detected" (a kò rí i), á ní Ọlọ́run ti ṣe é, á sì da oògùn nù. Ẹlòmíràn á rí nọ́ńbà kékeré kan tó ní òdo mẹ́rin níwájú, ọkàn rẹ̀ á pami, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún. Àwọn méjèèjì ló ṣì í kà.

Ibi tí maikirosíkópù parí sí

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Lùkímíà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo níbẹ̀, tí DNA rẹ̀ yí padà, tí kò gbọ́ àṣẹ ara mọ́, tó wá ń bí irú ara rẹ̀ ṣáá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí àìsàn náà lára àgbàlagbà, irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lè ti tó tírílíọ̀nù kan, ìyẹn 1 tí òdo 12 tẹ̀lé. Kẹ́mò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, á wọlé, á pa èyí tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, wọn á tún fa mùdùnmúdùn, wọn á gbé e sábẹ́ maikirosíkópù. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò gbó kò bá tó 5 nínú 100, wọn á ní àìsàn ti rọlẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ẹni tí àìsàn rẹ̀ rọlẹ̀ báyìí lè ṣì ní bílíọ̀nù 10 sẹ́ẹ̀lì lùkímíà nínú egungun. Ojú kò lè rí wọn mọ́, nítorí wọ́n ti fọ́n ká sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dára, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jọ ara wọn. Ara aláìsàn á le, á jẹ iyán, á padà sóko tàbí sọ́jà. Àwọn ìyókù yìí ló ń dá àìsàn náà padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún méjì, tí àwọn ará ilé á wá máa wí pé ọ̀tá ló tún un rán.

Ẹni tó bá ti ṣa ìrẹsì Ìgbẹ́mọ rí ni ọ̀rọ̀ yìí máa yé jù. Kílò ìrẹsì kan ní nǹkan bí hóró 40,000 sí 50,000. Bí òkúta 5 bá wà nínú 100 hóró, ẹ ò nílò àtẹ kẹ́ẹ tó rí i. Bí ó bá jẹ́ òkúta kan nínú 10,000 hóró, mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa wà nínú kílò kan. Ẹni tó bá jókòó ṣà á dáadáa á rí wọn. Bí ó bá wá jẹ́ òkúta kan nínú mílíọ̀nù hóró ńkọ́? Àpò 50 kílò odindi kò ní ju òkúta méjì lọ. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò DNA tó dára jù lọ lè dé lónìí. Maikirosíkópù dúró síbi 5 nínú 100, àyẹ̀wò PCR máa ń dé 1 nínú 10,000 tàbí 1 nínú 100,000, ẹ̀rọ tó ń ka DNA lẹ́tà lẹ́tà sì lè dé 1 nínú mílíọ̀nù kan. Wọ́n tún máa ń lo ẹ̀rọ kan tó ń fi àwọ̀ kun ara sẹ́ẹ̀lì kó tó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, flow cytometry. Iṣẹ́ kan náà nìyẹn ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í wo DNA.

Ilà tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì kan ti ìdílé lùkímíà ni? Nígbà kan, bí ẹ bá rí ilà ojú ẹnìkan, ẹ ti mọ ìlú tó ti wá, kódà bó bá wà láàárín èrò ọjà. DNA náà nílà. Nítorí pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì lùkímíà inú aláìsàn kan, ọmọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni wọ́n, àṣìṣe tó wà lára baba ńlá wọn ló wà lára gbogbo wọn. Sẹ́ẹ̀lì tó dára kò ní in.

Ilà yìí kò rí bákan náà lára gbogbo irú lùkímíà. Nínú ALL, tó máa ń mú àwọn ọmọdé jù, àmì náà wá láti inú iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì B ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì B ló ń ṣe ohun ìjà tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àìsàn, kí ohun ìjà kọ̀ọ̀kan sì lè yàtọ̀, ó máa ń gé àwọn apá kan nínú DNA rẹ̀, á tún wọn so pọ̀ lọ́nà tirẹ̀. Kò sí sẹ́ẹ̀lì B méjì tó yẹ kí ìsopọ̀ wọn bára mu àfi bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá. Bí ẹ bá wá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n ní ìsopọ̀ kan náà, lẹ́tà fún lẹ́tà, ẹ ti rí ìdílé lùkímíà. Àmì yìí jẹ́ ti aláìsàn yẹn nìkan. Ẹlòmíràn tó ní ALL ní Ìkọ̀lé kò ní irú rẹ̀.

Nínú AML, irú lùkímíà mìíràn tó ń yára le, àyípadà jíìnì ni wọ́n ń wá. Èyí tó wúlò jù ni NPM1, tó wà lára nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan àwọn àgbàlagbà tó ní AML: lẹ́tà mẹ́rin péré ló ya wọ inú jíìnì náà. CML, irú tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ní tirẹ̀ ní ilà tó gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo wọn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ohun tí à ń tọ́ka sí nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo nọ́ńbà lọ: wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ilà náà kí wọ́n tó máa wá a. Ọjọ́ tí àìsàn ṣì pọ̀ lára, kí kẹ́mò àkọ́kọ́ tó wọlé, ni ọjọ́ tó rọrùn láti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tí wọn kò tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tàbí mùdùnmúdùn ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ wá àlejò kan lọ́jà Ọba l'Ádòó láìsọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Nínú gbogbo ohun tó ń ba àyẹ̀wò MRD jẹ́ ní ilẹ̀ wa, èyí ló ń dùn wá jù, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan ju túùbù kan àti àyè díẹ̀ nínú fíríìsà lọ. DNA tí wọ́n ti yọ, tí wọ́n sì dì, máa ń pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe

PCR kì í ṣe àjèjì. Òun ni wọ́n fi ṣàyẹ̀wò kòrónà ní 2020. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ni. Ó máa ń lọ bá ibi tí àmì wà lórí DNA, á sọ ọ́ di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Bó bá yí nígbà 10, ẹyọ kan á ti lé ní 1,000. Bó bá yí nígbà 20, á ti lé ní mílíọ̀nù kan. Àmì tó pọ̀ á tètè hàn, èyí tó kéré á pẹ́ kó tó yọjú, iye ìgbà tí ẹ̀rọ yí kó tó rí i ni wọ́n fi ń ṣírò iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Èkejì kì í ṣe ẹ̀dà nìkan, ó ń ka lẹ́tà DNA fúnra wọn. Ilé iṣẹ́ kan ní Seattle, Adaptive Biotechnologies, ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní clonoSEQ. Ní 2018 ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún ALL àti fún myeloma, jẹjẹrẹ mìíràn tó ń mú sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn egungun, ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn ni wọ́n fọwọ́ sí pé kí wọ́n lò. Ní 2020, wọ́n fọwọ́ sí i fún CLL, irú lùkímíà mìíràn tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ láti apá.

Kò sí ẹ̀rọ tó lè rí ohun tí kò sí nínú ohun tí ẹ gbé fún un. Ẹ padà sídìí àpò ìrẹsì. Bí òkúta bá jẹ́ ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù hóró, tí ẹ bu mílíọ̀nù kan hóró gẹ́lẹ́ láti ṣà, nǹkan bí ìgbà 37 nínú 100 ni ẹ kò ní bá òkúta kankan pàdé, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú àpò. Ó di ìgbà tí ẹ bá bu mílíọ̀nù mẹ́ta kí àìrí yẹn tó dín kù sí 5 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì. DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan wúwo tó 6.6 picogram, nítorí náà microgram kan DNA (mílíọ̀nù kan picogram) wá láti ara nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì 150,000. Bí làábù bá lo microgram kan péré, tí wọ́n wá kọ "Not detected", ẹ̀rọ wọn ì báà jẹ́ èyí tó dára jù láyé, kò lè sọ ohunkóhun nípa 1 nínú mílíọ̀nù. Ó nílò nǹkan bí microgram 20.

Ibi tí kẹ́mò ti wá ń dí wa lọ́wọ́ rè é. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ní sẹ́ẹ̀lì funfun bíi mílíọ̀nù 4 sí 11 nínú mílílítà kan. Lẹ́yìn kẹ́mò, ó lè já sí ìdajì mílíọ̀nù. Túùbù kan tó gba mílílítà 4 á wá ní mílíọ̀nù méjì péré, díẹ̀ á tún ṣòfò nígbà tí wọ́n bá ń yọ DNA. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè ní kẹ́ẹ dúró ọ̀sẹ̀ kan sí i kí ẹ̀jẹ̀ gòkè kó tó fà á, tàbí kó fa túùbù méjì tàbí mẹ́ta. Kì í ṣe pé ó fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀ yín.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ apá kò tó ni?

Gbogbo ẹbí ló ń béèrè èyí, ó sì yẹ kí wọ́n béèrè, torí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ egungun ìbàdí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá ọmọdé. Ìdáhùn rẹ̀ dá lórí irú lùkímíà tó jẹ́.

Fún CML àti CLL, ẹ̀jẹ̀ apá tó. Fún ALL tó wá láti ara sẹ́ẹ̀lì T, iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í jìnnà púpọ̀ sí tinú egungun. Fún ALL ti sẹ́ẹ̀lì B, tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé, iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè fi ìlọ́po 10 títí dé 1,000 kéré sí tinú egungun. Ẹ̀jẹ̀ lè mọ́ kedere kí egungun ṣì kún. Bí dókítà bá ní àfi mùdùnmúdùn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó fà á. Kí ẹ sì mọ èyí: mílílítà àkọ́kọ́ tó bá jáde ló yẹ kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún MRD. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fa ti maikirosíkópù, ti kòkòrò, ti èyí ti tọ̀hún, kí wọ́n tó wá rántí MRD, ẹ̀jẹ̀ lásán á ti dà mọ́ ọn, èsì á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ lè rán nọ́ọ̀sì létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bínú sí i.

Fún AML tó ní NPM1, ẹ̀jẹ̀ apá wúlò ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ìwádìí kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2016, wo ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn lẹ́yìn kẹ́mò ìpele kejì. Lára àwọn tí àmì NPM1 ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àìsàn padà bá 82 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́ta. Lára àwọn tí kò sí lẹ́jẹ̀ wọn mọ́, 30 nínú 100. Ní 2023, ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà lo ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn AML tó lé ní 1,000, tí wọ́n fà kí wọ́n tó pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún wọn: àwọn tí NPM1 tàbí FLT3-ITD, àyípadà jíìnì mìíràn nínú AML, ṣì hàn nínú DNA ẹ̀jẹ̀ wọn ni àìsàn padà bá jù. Ẹ wo 30 yẹn dáadáa ṣá. Àwọn tí èsì wọn mọ́ ni, síbẹ̀ àìsàn padà bá 30 nínú wọn. A tún sọ ọ́: "a kò rí i" yàtọ̀ sí "kò sí mọ́".

CML, tó fi RNA pamọ́ sábẹ́ orúkọ DNA

CML ni lùkímíà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti yí ayé aláìsàn padà jù. Ní 1960, ní ìlú Philadelphia, Peter Nowell àti David Hungerford rí kúrómósóòmù kan tó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní CML. Ní 1973, Janet Rowley ṣàlàyé ìdí rẹ̀: kúrómósóòmù 9 àti 22 ló gé, tí wọ́n pààrọ̀ ìdí. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn ni jíìnì BCR-ABL ti wá, òun ló ń lé sẹ́ẹ̀lì nídìí. Imatinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, ló ń dí i lọ́nà. Láti 2003 ni àwọn aláìsàn CML ti ń gba oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò ìrànwọ́ kan ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ pé wọ́n darí aláìsàn láti Èkìtì gba Arámọkọ àti Iléṣà lọ sí Ifẹ̀.

Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń tọpa CML, RNA ló ń kà. RNA ni iṣẹ́ tí DNA rán jáde, sẹ́ẹ̀lì kan sì lè rán iṣẹ́ kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ó rọrùn láti rí. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń tètè bàjẹ́. DNA lè fara da ooru díẹ̀. RNA kò lè fara dà á.

Èsì CML máa ń wá ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, lórí ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé jọ ń lò, tí wọ́n ń kọ ní IS. Ohun tí dókítà ń retí ni kó má ju 10% lọ ní oṣù mẹ́ta, kó má ju 1% lọ ní oṣù mẹ́fà, kó sì wá sí 0.1% tàbí kó kéré sí i nígbà tó bá pé ọdún kan. Bí lẹ́tà IS kò bá sí lórí ìwé, ẹ má fi nọ́ńbà náà wé ti làábù mìíràn. Ibi kan náà ni kẹ́ẹ ti máa ṣe é bó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ GeneXpert, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, lè ṣe ti BCR-ABL pẹ̀lú katiríìjì tirẹ̀, láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Ẹ béèrè.

Bí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ kọ́kọ́ ka oògùn tó kù nínú páálí kí ẹ tó fura sí ohunkóhun mìíràn. Ìwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jáde ní 2010, tọpa aláìsàn CML 87 tí wọ́n ń lo imatinib. Àwọn tó ń lo ju 90 lọ nínú 100 oògùn wọn, 94.5% nínú wọn ló ṣeé ṣe kó dé 0.1%. Àwọn tí kò lò tó bẹ́ẹ̀, 28.4%. Ìdá 90 yẹn ni pé ẹni tó ń lo ọ̀kan lójúmọ́ fo mẹ́ta péré lóṣù. Ọjọ́ ìsìnkú kan, àìsùn kan, ìrìn àjò kan sí Èkó, ó ti pé. Àgbo náà ńkọ́? Àwọn ewé kan máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lọ imatinib dànù, àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kó pọ̀ jù lẹ́jẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń mu ún tí wọn kò sọ. Ẹ sọ fún dókítà.

Àwọn kan wà tí wọ́n lè dá imatinib dúró, òótọ́ ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti lò ó fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kí èsì wọn ti wà ní 0.01% tàbí kó kéré sí i fún ọdún méjì gbáko, kí wọ́n sì lè máa ṣe àyẹ̀wò lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, nǹkan bí ìdajì wọn ni àmì náà tún ń padà sí lẹ́jẹ̀, púpọ̀ jù láàárín oṣù mẹ́fà yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń rọlẹ̀ padà nígbà tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ oògùn, torí pé wọ́n tètè rí i. Ẹni tí kò bá ní owó tàbí ọ̀nà àyẹ̀wò oṣooṣù kò gbọdọ̀ dán an wò.

Láti apá dé làábù

Ọ̀pọ̀ èsì tí kò dára, ojú ọ̀nà ló ti bàjẹ́. Túùbù tó ní ìdérí àwọ̀ elése àlùkò, tí EDTA, ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń lò. Èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé ní heparin, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣùgbọ́n heparin máa ń dí PCR lọ́wọ́. Wọn á kàn padà wá sọ pé àyẹ̀wò náà kò jáde. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá wọ túùbù, kí wọ́n yí i sókè sódò jẹ́jẹ́ nígbà 8 sí 10. Kí wọ́n má mì í jìgìjìgì, mímì bẹ́ẹ̀ ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì; bí wọn kò bá sì yí i rárá, á dì, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá ń gbé e láti Ìdó tàbí Ọ̀mùò lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, inú kúlà ni kó wà, kí aṣọ tàbí pépà nípọn wà láàárín òun àti áìsì. Ẹ̀jẹ̀ tó fara kan áìsì lè dì gbagidi, sẹ́ẹ̀lì á bẹ́, RNA á sì bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ nínú oòrùn. Fún àyẹ̀wò RNA, ó dára kó dé làábù láàárín wákàtí 24, kó má sì kọjá 48. Fún ìdí yìí, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú ni ọjọ́ tó dára láti fà á, láàárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lọ́san-án ọjọ́ Jímọ̀ á sùn sí gáréèjì títí di ọjọ́ Ajé.

Lórí fọ́ọ̀mù, kí wọ́n kọ orúkọ kíkún, nọ́ńbà fáìlì, ọjọ́ àti aago tí wọ́n fà á, irú lùkímíà, àmì tí wọ́n ń tọpa, oògùn tó ń lò, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ ni tàbí mùdùnmúdùn. Túùbù méjèèjì jọ ara wọn lójú.

Bí ìwé bá jáde

Ìlà mẹ́ta ni kẹ́ẹ wò: kí ni wọ́n rí, títí dé ibo ni ojú ẹ̀rọ lè ríran lọ́tẹ̀ yìí, àti sẹ́ẹ̀lì tàbí DNA mélòó ni wọ́n lò. "Not detected" tó wà pẹ̀lú 1 nínú 1,000 kò fini lọ́kàn balẹ̀ tó "Not detected" tó wà pẹ̀lú 1 nínú 100,000. Bí ìlà kejì kò bá sí lórí ìwé, ẹ ní kí dókítà bá yín béèrè.

Bó bá rí nǹkan ńkọ́? Nínú ALL ọmọdé, wọ́n máa ń wò ó ní nǹkan bí ọjọ́ 29, wọn á sì tún un wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Bó bá kọjá 0.01% ní ọjọ́ 29, ìtọ́jú tó le sí i ló kàn, ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé ọwọ́ ti bọ́. Oògùn kan wà, blinatumomab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2018 fún àwọn tí ALL ti sẹ́ẹ̀lì B wọn ti rọlẹ̀ tí MRD wọn ṣì tó 0.1%. Nínú AML tó ní NPM1, ìwọ̀n kékeré lè wà lẹ́yìn ìtọ́jú tí kò ní gòkè láé. Ohun tó ń ba dókítà lẹ́rù ni kó fi ìlọ́po 10 gòkè, kí túùbù kejì tí wọ́n fà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì sọ ohun kan náà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó láti dá ẹjọ́.

Àwọn àmì kan tún wà tó ń dà bí lùkímíà tí kì í ṣe òun. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, àyípadà máa ń bá jíìnì bíi DNMT3A, TET2 àti ASXL1 nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò ní àìsàn kankan. Bí ìwọ̀nyí nìkan ló kù lẹ́yìn ìtọ́jú AML, wọn kì í kà á sí ìyókù àìsàn. Bàbá ẹni 70 ọdún tí wọ́n rí DNMT3A lẹ́jẹ̀ rẹ̀ lè sùn kó hanrun.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi dókítà léèrè ìbéèrè kan: bí èsì bá jáde báyìí tàbí bọ́ọ̀hún, kí ni yóò yí padà nínú ìtọ́jú? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, nítorí pé oògùn ìpele kejì kò sí lọ́wọ́ tàbí pé aláìsàn kò ní lè lọ fún un, èrò tiwa ni pé kí owó yẹn lọ sórí oògùn tó ń lò lọ́wọ́ kó má baà já. Bí ìdáhùn bá wà, ẹ ṣe é lásìkò rẹ̀ gan-an. Èyí tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta sún síwájú ń dáhùn ìbéèrè mìíràn.

Fún àwọn tí ìtọ́jú wọn ti bẹ̀rẹ̀ láìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀nà kan ṣì kù. Ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ wo mùdùnmúdùn wọn ti fi díẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ láti wò lábẹ́ maikirosíkópù, irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ sì máa ń wà nínú àpótí làábù fún ọdún púpọ̀. Wọ́n lè ha ohun tó gbẹ sórí rẹ̀, kí wọ́n yọ DNA lára rẹ̀, kí wọ́n fi mọ ilà náà. Ẹ mú nọ́ńbà fáìlì àti ọjọ́ tí wọ́n fà á dání lọ sí làábù yẹn, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe dà wọ́n nù.